Bíà tí a ń pọn nílé: kí lẹ fẹ́ lé bá lọ́dún tó ń bọ̀?

Apọntí_Tuntun

Ẹ kú ìmúra ọdún tuntun, ẹ̀yin ará. Nígbà tí ọdún tó ń parí lọ yìí bẹ̀rẹ̀, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé oríṣi bíà méjìlá ni màá pọn, ọ̀kan lóṣù. Mo pọn mọ́kànlá. Dúdú wà níbẹ̀, pupa wà níbẹ̀, èyí tó korò gan-an wà, èyí tó kan díẹ̀ náà wà. Inú mi dùn sí i títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí ẹ̀gbọ́n mi bèèrè pé, "Èyí tó o gbé wá lóṣù kẹfà yẹn, ṣé o lè tún un pọn fún mi?"

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Mi ò lè tún un pọn. Mi ò mọ bí omi tí mo fi rẹ ọkà ṣe gbóná tó, mi ò mọ bí yàrá ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn, mi ò tilẹ̀ rántí irú ìwúkàrà tí mo dà sí i. Ìyẹn ni pé mo pọn bíà mọ́kànlá láìkọ́ bí wọ́n ṣe ń pọn ẹyọ kan.

Mo fẹ́ kọ àfojúsùn tuntun báyìí, mi ò sì fẹ́ kó rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí ẹ̀, irú àfojúsùn wo ló máa ń gbé èèyàn síwájú lóòótọ́? Èwo lẹ ti kọ sílẹ̀ rí tẹ́ ẹ wá rí i pé òfo ni? Ìkòkò mi gba lítà 25, nǹkan bíi lítà 19 ló máa ń wọnú ìgò. Malt gidi, ìyẹn ọkà tí wọ́n jẹ́ kó hù kí wọ́n tó sá a gbẹ, ni mò ń rẹ, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti sè sínú agolo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú.

Àgbà_Ìkòkò

Àbúrò, ẹ̀gbọ́n rẹ ti fún ọ ní àfojúsùn. Mú bíà kan. Pọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún tó ń bọ̀, títí ẹ̀kẹrin á fi jọ ẹ̀kẹta débi pé ẹni tó mu méjèèjì ò ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó lè dà bí ohun kékeré létí. Ọdún kẹrìndínlógún mi rèé nídìí ìkòkò, ó sì tó ọdún kẹsàn-án kí n tó rí i ṣe.

Ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ nìyí. Ìkòkò méjìlá tí wọ́n yàtọ̀ síra kò lè sọ nǹkan kan fún ọ nípa ara wọn. Tí ti oṣù kẹta bá dùn, tí ti oṣù kẹrin ò dùn, kí ló fà á? Malt yàtọ̀, hops (òdòdó tó ń mú bíà korò) yàtọ̀, ìwúkàrà yàtọ̀, ojú ọjọ́ yàtọ̀. Kò síbi tó o lè nawọ́ sí. Àmọ́ bó bá jẹ́ ohun kan náà lo pọn, tó o wá yí ẹyọ nǹkan kan padà, nǹkan yẹn gan-an lo máa tọ́ wò lẹ́nu. Ọ̀nà tí mo fi mọ ohun tí ìwọ̀n ooru ọkà rírẹ ń ṣe nìyẹn: mo rẹ ẹ́ ní 64°C lẹ́ẹ̀kan, mo rẹ ẹ́ ní 69°C lẹ́ẹ̀kejì, mi ò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Àkọ́kọ́ gbẹ lẹ́nu, ó fúyẹ́. Èkejì wúwo, ó ku adùn díẹ̀ nílẹ̀ ọ̀fun. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ yẹn ló tó yé mi.

Tó o bá fẹ́ yan èyí tó o máa tún pọn, yan èyí tí àṣìṣe ò ríbi sá sí: bíà aláwọ̀ wúrà, tí agbára rẹ̀ ò ju 4.5 sí 5% lọ, tí hops rẹ̀ ò pọ̀. Bíà dúdú máa ń bo ẹ̀ṣẹ̀ apọntí mọ́lẹ̀. Hops púpọ̀ náà máa ń bò ó.

Ìfófòó

Ẹ kú ọgbọ́n, Àgbà. Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ nípa rẹ̀, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo fi odindi ọdún kan pọn ẹyọ bíà kan ṣoṣo. Nígbà tó di ìkòkò karùn-ún, ó ti sú mi. Mo gbé ìkòkò síbi kan, oṣù mẹ́jọ ni mi ò fọwọ́ kàn án. Ayọ̀ ló gbé mi dé ìdí bíà pípọn, kì í ṣe ìdánwò iléèwé. Àfojúsùn tó bá mú ayọ̀ yẹn kúrò ti ba nǹkan jẹ́, bó ti wù kó gbọ́n tó.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo pín ọdún sí méjì. Ìkòkò ńlá mẹ́ta tàbí mẹ́rin jẹ́ ti bíà kan náà, bí Àgbà ṣe wí. Àwọn oṣù tó kù, ìkòkò kékeré ni mò ń gbé, lítà 4 péré, lórí sítóòfù inú ilé. Níbẹ̀ ni mo ti ń ṣe ohun tó bá wù mí. Tó bá bàjẹ́, ìgò mẹ́wàá tàbí méjìlá ló bàjẹ́. Tó bá dùn, àkọsílẹ̀ wà, mo lè gbé e sínú ìkòkò ńlá. Ìkòkò kékeré tètè ń hó, ó tètè ń tutù, gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ò gba ọjọ́ odindi. Ìyá ọmọ ni mí, mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Àgbà_Ìkòkò

Mo gbà pẹ̀lú rẹ, Ìfófòó. Mẹ́ta tó. Àmọ́ kí mẹ́ta náà tẹ̀ lé ara wọn, kí ẹnu má tíì gbàgbé ti ìṣáájú.

Oní_Tẹmómítà

Ẹ kú ìjókòó o. Bí wọ́n bá ní kí n yan àfojúsùn kan ṣoṣo fún ẹni tó ti pọn tó ìkòkò márùn-ún, ooru ni màá yàn. Kì í ṣe ooru orí iná. Ooru inú ike lẹ́yìn tí ìwúkàrà ti wọlé ni mò ń wí.

Ọ̀pọ̀ wa máa ń dúró ti ìkòkò fún wákàtí márùn-ún, mẹ́fà, à ń ka ìṣẹ́jú, à ń fi ìwọ̀n wọn hops. Tó bá wá kan ìwúkàrà, a ó gbé ike sí kọ̀rọ̀ kan, a ó lọ sùn. Bẹ́ẹ̀ àwa kọ́ là ń ṣe bíà. Omi aládùn là ń ṣe. Ìwúkàrà ló ń sọ omi yẹn di bíà, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sì ń pinnu púpọ̀ nínú bó ṣe máa rí lẹ́nu. Tó bá gbóná jù lásìkò yẹn, á mú òórùn èso tí ẹ ò pè wá, á tún máa ta lọ́fun bí ọtí líle. Tẹ́ ẹ bá fi í pamọ́ fún oṣù mẹ́fà, títa yẹn ò ní lọ.

Púpọ̀ nínú ìwúkàrà ale, irú bíà tí wọ́n ń pọn níbi tó móoru díẹ̀, fẹ́ràn 18 sí 20°C. Ti lager, irú bíà kejì, fẹ́ ibi tó tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, láàárín 8 sí 13°C. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ìwúkàrà fúnra rẹ̀ ń mú ooru wá bó ṣe ń jẹ ṣúgà. Mo gbára lé tẹmómítà ara ògiri fún ọdún méjì. Yàrá wà ní 21, ọkàn mi balẹ̀. Ọjọ́ tí mo fi tẹ́ẹ̀pù lẹ tẹmómítà mọ́ ara ike, tí mo fi aṣọ bò ó, 26 ni mo bá níbẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi ń dá hops lẹ́bi fún ohun tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Torí náà, ẹ má kọ "màá ṣọ́ ooru" sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ lásán nìyẹn. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ lè kà. Èyí tí mo kọ fún ara mi nìyí: nínú ìkòkò mẹ́fà tí mo bá pọn, kí ara ike má kọjá 20°C láàárín wákàtí 72 àkọ́kọ́, ó kéré tán nínú márùn-ún. Mò ń wò ó láàárọ̀, mò ń wò ó lálẹ́, mo ń kọ ọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹrin, tí fòfó bá ti ń lọ sílẹ̀, mo máa ń jẹ́ kó gòkè díẹ̀, 21 tàbí 22. Ooru kékeré yẹn ló ń jẹ́ kí ìwúkàrà padà jẹ ohun tó ń mú bíà rùn bíi bọ́tà.

Ìkan tún kù. Ẹ má da ìwúkàrà sínú omi tó ṣì gbóná nítorí pé ó ti rẹ̀ yín. Alẹ́ ti lẹ́, ẹsẹ̀ ń dun èèyàn, omi wà ní 29, a ní "kò burú". Ó burú. Tí ike bá mọ́, tí ìdérí rẹ̀ bá dé dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀ kó tutù di òwúrọ̀, kẹ́ ẹ tó dà á sí i.

Apọntí_Tuntun

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ mi ò ní fíríìjì tí mo lè yà sọ́tọ̀ fún un. Yàrá tí mò ń lò kì í sábàá wà lábẹ́ 25. Ṣé kí n kàn gbàgbé ẹ̀ ni?

Oní_Tẹmómítà

Rárá o. Ọ̀nà méjì wà. Àkọ́kọ́: gbé ike sínú agbada omi ńlá, kí omi náà dé ìdajì ike. Di omi sínú ìgò oníke mẹ́rin, kó wọn sí ibi tí omi ti ń di yìnyín. Fi méjì sínú agbada láàárọ̀, pààrọ̀ wọn lálẹ́. Da aṣọ tútù bo orí ike, jẹ́ kí etí aṣọ wọnú omi. Tí fáànù bá wà, jẹ́ kó fẹ́ sí i. Ó lè mú u wálẹ̀ ní ìwọ̀n 5 tàbí 6. Ọjọ́ mẹ́rin péré lo máa ṣe wàhálà yìí, kì í ṣe oṣù kan.

Ìkejì: má bá ooru jà. Wá ìwúkàrà tí ooru bá lára mu. Èyí tí àwọn àgbẹ̀ Nọ́wè ń lò láti ayé àwọn baba wọn, tí wọ́n ń pè ní kveik, lè ṣiṣẹ́ ní 30 sí 40°C, kó má sì ta lọ́fun. Òmíràn nínú wọn a máa fi òórùn ọsàn sílẹ̀, nítorí náà yan irú bíà tí ìyẹn máa bá mu. Ó lè jẹ́ pé ohun tó yẹ kó jẹ́ àfojúsùn rẹ lọ́dún yìí nìyẹn: mọ ìwúkàrà kan tó bá yàrá rẹ mu, kó o mọ̀ ọ́n délẹ̀délẹ̀.

Lager, fi í sílẹ̀ ná. Ìgbà tí ohun èlò bá wà, á dé.

Akọ̀wé_Ọtí

Gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ lókè yìí, omi ni wọ́n dà sínú agbọ̀n tí kò bá sí àkọsílẹ̀. Apọntí_Tuntun, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n yín ti ṣẹlẹ̀ sí mi pẹ̀lú bàbá mi, ó sì dùn mí nítorí pé kò sí láyé mọ́ báyìí tí màá fi wá a rí. Láti ìgbà náà, mi ò gbé ìkòkò kaná láìsí bírò lọ́wọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ìwé náà pọ̀ jù, torí ìwé tó pọ̀ jù lẹ̀ ń pa tì lóṣù kejì. Tèmi ò ju ojú ewé kan lọ fún ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí mo pọn ọ́n. Irú malt àti ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù. Irú hops, ìwọ̀n rẹ̀, àti ìṣẹ́jú tó lò lórí iná. Orúkọ ìwúkàrà àti ọjọ́ tí yóò lò mọ tó wà lára páálí rẹ̀. Ìwọ̀n ooru ọkà rírẹ, níbẹ̀rẹ̀ àti lópin. Lítà tó wọnú ike, lítà tó wọnú ìgò. Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà méjì tí hydrometer bá sọ.

Ẹni tí kò bá tíì ní hydrometer, kí ìyẹn jẹ́ àfojúsùn oṣù kìíní. Nǹkan dígí tó ń léfòó lójú omi yẹn ló ń sọ bí ṣúgà inú omi ọkà ṣe pọ̀ tó. Bí ó bá ka 1.050 kí ìwúkàrà tó wọlé, tó wá ka 1.010 lẹ́yìn tó parí iṣẹ́, ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì: 0.040. Ẹ fi 131.25 sọ ọ́ di púpọ̀, 5.25 ló jẹ́. Agbára bíà yín ní ìdá ọgọ́rùn-ún nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́, ẹ fi sínú omi lásán tó wà ní ìwọ̀n ooru tí wọ́n kọ sára rẹ̀, 20°C ni fún ọ̀pọ̀ wọn. 1.000 ló yẹ kó kà. Tèmi ń ka 1.003, mi ò sì mọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mi ò jù ú nù, mo kàn ń yọ 0.003 kúrò nínú ohun tó bá kà.

Ibi tí àwọn èèyàn kì í dé nínú àkọsílẹ̀ ni ìtọ́wò. Ẹ tọ́ ọ wò lọ́sẹ̀ kejì, lọ́sẹ̀ kẹrin, lọ́sẹ̀ kẹjọ, kẹ́ ẹ sì kọ gbólóhùn méjì péré nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó rí i pé bíà kan náà ń yí padà nínú ìgò. Èyí tí hops rẹ̀ ń ta sánsán lọ́sẹ̀ kejì lè ti máa rùn bíi páálí tó tutù lọ́sẹ̀ kẹjọ, torí atẹ́gùn tó bá a wọnú ìgò.

Ìyá_Ìgò

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń kà á, mo sì ń gbádùn rẹ̀. Àmọ́ kò tíì sí ẹni tó mẹ́nu kan ìgò tó ń bú gbàmù. Èmi á sọ ọ́, nítorí mo ti gbọ́ ọ lóru nínú ilé ara mi. Ìgò mẹ́fà ló bú tẹ̀ léra wọn nínú yàrá ìkẹ́rù. Ọ̀kan nínú àfọ́kù rẹ̀ wọ inú igi ìlẹ̀kùn. Ká ní ọmọ wà níbẹ̀ ńkọ́?

Ohun tó fà á ni pé mo kánjú. Ojú fòfó ni mo wò, mo ní ó ti parí. Fòfó kọ́ ló ń sọ pé iṣẹ́ parí. Hydrometer ló ń sọ ọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n lónìí, ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Bí nọ́ńbà bá ṣì ń lọ sílẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan ìgò. Bó bá dúró sójú kan, tó sì dé ibi tó yẹ kó dé, ẹ lè dà á.

Ṣúgà tí ẹ máa fi sí i kó lè ní gáàsì, ẹ má fi ṣíbí bù ú, ẹ fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n. Gíráàmù 6 sí lítà kan tó fún ọ̀pọ̀ bíà. Lítà 19 á gba gíráàmù 114. Kó jẹ́ lítà tó wà nílẹ̀ gan-an lẹ fi ṣírò, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ rò pé ẹ máa rí. Ẹ fi omi díẹ̀ sè é, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ dà á sísàlẹ̀ ike tí ẹ máa ti máa rọ ọ́ sí ìgò, kí bíà wá wọlé bá a. Bẹ́ẹ̀ ni yóò fi kárí. Ìgò tó ti sán, kẹ́ ẹ jù ú nù. Ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ ló dára jù, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń ba hops jẹ́ nínú ìgò funfun àti aláwọ̀ ewé, bíà á wá máa rùn.

Ìmọ́tótó náà ń kọ́? Fífọ̀ yàtọ̀ sí pípa kòkòrò. Oògùn apakòkòrò ò lè ṣiṣẹ́ lórí ìdọ̀tí, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ mọ́ ni. Ẹ tú ẹnu ẹ̀rọ ike yẹn palẹ̀, ẹ wo inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹlẹ́gbin ń fara pamọ́ sí. Ẹ má ṣe da oògùn aláṣíìdì pọ̀ mọ́ bílíìṣì láé, èéfín tó máa jáde níbẹ̀ lè pa èèyàn lára. Àfojúsùn tèmi lọ́dún tó ń bọ̀ ò pọ̀: gbogbo rọ́bà tí bíà ń gbà kọjá ni màá pààrọ̀ ní oṣù kìíní, màá sì tún pààrọ̀ wọn ní oṣù keje.

Ẹnu_Ló_Mọ̀

Àgbà sọ pé kí ẹ̀kẹrin jọ ẹ̀kẹta. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó jọ ọ́? Ẹni tó pọn bíà kọ́ ló yẹ ká bi. Ó ti mọ èyí tó jẹ́ tuntun, ọkàn rẹ̀ á máa tọ́ ẹnu rẹ̀ sọ́nà.

Ẹ ṣe é báyìí. Ife mẹ́ta tó jọra. Ẹ da bíà kan sí méjì, kẹ́ ẹ da èkejì sí ẹyọ kan. Kí ẹni tó máa tọ́ ọ wò má mọ èwo ni èwo, kó sì jẹ́ pé ẹnì kan náà ò mọ̀ lára àwọn tó ń gbé e fún un. Ìbéèrè kan péré lẹ máa bi í: èwo ló yàtọ̀? Ẹni tó kàn ń méfò lásán á gbà á lẹ́ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹta. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀méjìlá, mẹ́rin ni méfòméfò á sábàá gbà. Tó bá di mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe dáadáa kí ìyàtọ̀ wà lóòótọ́. Méjìlá ìfẹnukan kékeré ni mò ń wí, kì í ṣe méjìlá ìgò. Ẹ pín in láàárín èèyàn mẹ́rin sí mẹ́fà.

Mo fẹ́ràn ìtàn tó wà lẹ́yìn irú ìṣirò báyìí. Nílé iṣẹ́ Guinness ní Dublin, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ William Sealy Gosset. Ìṣòro rẹ̀ ni ìṣòro wa: báwo lèèyàn ṣe lè gba ìdánwò gbọ́ nígbà tí ìdánwò náà ò pọ̀? Lọ́dún 1908 ló tẹ èsì rẹ̀ jáde, orúkọ "Student" ló sì fi sí i. Títí dòní, ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò yẹn. Ìdí bíà ló ti wá. Èmi tí mò ń pọn ìkòkò mẹ́wàá lọ́dún, ìyẹn fún mi ní ìgboyà pé ìdánwò kékeré tí a ṣe dáadáa ní ohun tó lè sọ.

Lọ́dún tó kọjá, mo dán an wò lórí ohun tí mo gbà gbọ́ jù, pé kéèyàn hó omi ọkà fún ìṣẹ́jú 90 dára ju 60 lọ. Nínú méjìlá, márùn-ún péré ló rí ìyàtọ̀. Mo ti ń hó o ní 60 láti ìgbà náà.

Omi_Tòrò

Kúkúrú ni tèmi. Bí bíà yín bá ń rùn bí oògùn ilé ìwòsàn tàbí bí ike, ẹ wo omi yín kẹ́ ẹ tó da malt nù. Chlorine tí wọ́n ń fi sínú omi ẹ̀rọ ló ń bá ọkà ṣe é. Chlorine lásán máa ń lọ bí ẹ bá hó omi ṣáájú. Chloramine, irú rẹ̀ mìíràn tí wọ́n máa ń fi sómi, kì í tètè lọ. Wóró Campden, oògùn tó ń mú méjèèjì kúrò nínú omi, ẹyọ kan tó fún nǹkan bíi lítà 75, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ dà á sí i kí ẹ tó gbé omi kaná. Àfojúsùn ọ̀sẹ̀ kan péré nìyẹn, ẹ mú un kúrò nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ inú omi, ẹ fi sílẹ̀ di ọdún tó tún tẹ̀ lé e.

Àgbà_Ìkòkò

Mo padà wá, nítorí Oní_Tẹmómítà fọwọ́ kan ibi tí mo fẹ́ràn jù. Lọ́dún 1516, wọ́n ṣòfin ní Bavaria, ní ilẹ̀ Jámánì, pé omi, ọkà báálì àti hops nìkan ni kí wọ́n máa fi pọn bíà. Wọn ò dárúkọ ìwúkàrà. Wọn ò mọ ohun tó jẹ́. Ó tó àwọn ọdún 1870 kí Louis Pasteur, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Faransé, tó fi hàn kedere pé àwọn ohun abẹ̀mí mìíràn tí ojú ò rí ló ń ba bíà jẹ́. Lọ́dún 1883, Emil Christian Hansen, ní yàrá ìwádìí Carlsberg ní Copenhagen, wá ya ẹyọ ìwúkàrà kan sọ́tọ̀, ó mú kó pọ̀ sí i láìsí àlejò kankan nínú rẹ̀. Ohun tí ẹ̀ ń já nínú páálí gíráàmù 11 lónìí, ọgbọ́n ọjọ́ yẹn ni.

Nítorí náà, Apọntí_Tuntun, mo bẹ̀ ọ́: ìwúkàrà kan ṣoṣo fún gbogbo ìkòkò ńlá rẹ lọ́dún yìí. Mọ bó ṣe ń hó, mọ ọjọ́ tó máa ń sinmi, mọ òórùn rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ le àti nígbà tí ooru mú un. Kó dà bí ẹran ọ̀sìn tó o mọ ìṣe rẹ̀.

Ọ̀rẹ́_Ìfófòó

Mo fẹ́ fi ohun kan kún un tí kò rọrùn láti sọ. Àfojúsùn tó ràn mí lọ́wọ́ jù lọ́dún tó ń lọ yìí ò kan ìkòkò rárá. Mo kọ iye ìgò tí mò ń mu. Nígbà tí lítà 19 bá wà nílé, ọwọ́ èèyàn máa ń lọ sí i lálaalẹ́, a ó sì máa pè é ní ìtọ́wò. Mo ń ka tèmi báyìí. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ ni mi ò fi ọtí kan ẹnu. Mo pọn bíà oní 3% ní ìkòkò méjì, ó sì kọ́ mi ju èyí tó lágbára lọ, nítorí ó ṣòro kó tó kún lẹ́nu. Ẹ rẹ ọkà rẹ̀ ní 69 tàbí 70°C, kí ara díẹ̀ lè kù sí i. Ìyókù, mo máa ń fún àwọn tó bá fẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti lẹ agbára rẹ̀ mọ́ ara ìgò, kí ẹni tó fẹ́ wa ọkọ̀ lè mọ̀.

Ìyá_Ìgò

O ṣeun tó o sọ ọ́, ọmọ mi. Mo ti mú ìgò tèmi kúrò níbi tí ọwọ́ ti ń tètè dé e báyìí, mo gbé e sísàlẹ̀.

Apọntí_Tuntun

Mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo ti fa àfojúsùn oníbíà méjìlá yẹn ya. Bíà aláwọ̀ wúrà ni màá pọn, lẹ́ẹ̀mẹta, oṣù kejì, ìkẹta àti ìkẹrin. Mo yan kveik, torí bí mo ṣe mọ yàrá mi, yìnyín yẹn á sú mi lọ́jọ́ kẹta. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa gbé ife mẹ́ta jókòó. Ó ti gbà, ó ní kí n má jẹ́ kó pẹ́.

Lónìí, mo fi hydrometer mi sínú omi 20°C gẹ́gẹ́ bí Akọ̀wé ṣe wí. 0.998 ló kà. Ṣé kí n fi 0.002 kún gbogbo ohun tó bá kà ni, àbí kí n ra òmíràn?

Akọ̀wé_Ọtí

Ẹ fi kún un. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé yín, níbi tẹ́ ẹ ti máa rí i nígbà gbogbo. Àmọ́ ẹ tún un wọ̀n lọ́la, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yí i bìrí nínú omi kí ìfófòó kéékèèké ara rẹ̀ lè kúrò. Tí ìfófòó bá so mọ́ ọn, ó máa ń gbé e sókè, nọ́ńbà tó máa kà á sì ju èyí tó yẹ lọ.